Ìlẹ̀kẹ̀ Dídán Inú Igbá Ládánì

Ẹ jókòó. Bàráká, fa ẹní yẹn sún mọ́ ògiri, oòrùn ti ń wá wa bọ̀. Ràímì, ìwọ náà jókòó, má dúró lé mi lórí bí ẹni tó wá wọn ilẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá, etí mi kò tíì di. Ẹ ní ọ̀gá kan wà ní GRA tó lè fi Ràímì sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ ní ìyàwó ọ̀gá náà fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, èyí tí mo dì mọ́ igun aṣọ yìí. Ẹ ní kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o, ẹ kàn fẹ́ lọ kí i ni.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ lọ kí i yẹn ló jẹ́ kí n ní kí ẹ jókòó. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì kúrò nínú ara mi títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹyọ yìí ṣe dé ọwọ́ mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ohun tí ẹ ń tọrọ.

Ẹ̀yin ò lè mọ bí àdúgbò yìí ṣe rí nígbà tí ara mi ṣì le. Ẹ̀rọ ìlọta àti mọ́tò lẹ fi ń jí. Òkúta là ń fi jí nígbà tiwa. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti ọjà Ìpàtà, kó tó rí orí ilé wa ni yóò ti máa gbọ́ ọ: kó, kó, kó, irin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òkúta pupa, àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń lu ojú ìlẹ̀kẹ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, a ó gbọ́ ti àwọn tó ń fi omi dán an lórí ọlọ: ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrun Mọ̀ngàríbà. Òkè Ọya ni òkúta náà ti ń wá, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn Gàm̀bàrí. Pupa rẹ̀ dà bí ẹ̀dọ̀ ẹran tútù. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, ló wà nínú ẹyọ kan. Tí ọwọ́ rẹ bá fi díẹ̀ wúwo jù, táá! Ó là. Gbogbo àtíbàbà á dákẹ́, ẹnì kan á sọ pé, "Ọlọ́hun á fi òmíràn rọ́pò," a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọba ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ wá rà á. Ìyàwó tí kò bá rí lántànà fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹkún ni yóò fi wọlé ọkọ.

Ìgbà kan wà tí ewúrẹ́ ilé Súlè gbé ẹyọ kan mì. Súlè ni ọ̀rẹ́ mi, ilé wa àti ilé wọn ló fara kanra, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi wá sílé kéwú. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ẹyọ tí ewúrẹ́ gbé mì yìí, ti ìyàwó kan ni, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ mẹ́rin. A fi okùn sí ewúrẹ́ lọ́rùn. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni Súlè fi ń gbé igi kékeré tẹ̀ lé e kiri, ó ń tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Ìyá ìyàwó dé, ó fọwọ́ lérí.

"Súlèmọ́nù, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi dà?"

"Ẹ fi ara balẹ̀, ìyá wa. Kò tíì dán tó ni. Ewúrẹ́ ń bá wa dán an lọ́wọ́."

A rẹ́rìn-ín débi pé Mágàjí, olórí àdúgbò wa, jáde láti inú ilé rẹ̀ wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó náà wọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Àwọn obìnrin tó ń kọ wáàkà níbẹ̀ fi í kọrin. Irú ẹni tí Súlè jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì lè purọ́ kódà fún ọmọdé tó ń sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Tí iṣẹ́ ìlú bá dé nígbà náà, bóyá kànga ló ya lulẹ̀ ni, bóyá ògiri ìlú ló fẹ́ àtúnṣe, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan ni àdúgbò máa fi sílẹ̀, Mágàjí kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Igbá kan wà ní mọ́sáláṣí wa, igbá ńlá tó ní ìdérí. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá, ẹyọ tó ti là nígbà tí wọ́n ń lu ú, àfọ́kù tí kò níye lórí. Ọwọ́ ilé kọ̀ọ̀kan la fi ń dá wọn mọ̀. Bí ilé kan ṣe ń gé òkúta kọ́ ni ilé kejì ń gé e. Tí a bá kírun Àlásárì tán, gbogbo wa á yọjú wo inú igbá, kí kálukú lè rí i pé ti ilé òun wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bò ó, wọ́n á sì gbé e síwájú Ládánì.

Ládánì ló ń pe ìrun fún wa. Afọ́jú ni, láti kékeré. Òun ni yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdérí, tí yóò mú ẹyọ kan jáde. Ilé tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá jáde ló máa fi ọkùnrin sílẹ̀. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ojú mi báyìí ni ti ilé Mágàjí ṣe jáde lọ́dún tí kànga ya. Ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù lọ ló sọ̀ sínú kànga náà. Mágàjí fúnra rẹ̀ ló di okùn mú lókè, òógùn bò ó. Ìjọba wa nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò ní ọ́fíìsì. Igbá ni, àti afọ́jú kan, àti pé kálukú lè yọjú wò ó.

Nígbà tó yá, òyìnbó dé. Wọ́n ń la ojú irin lọ sókè Ọya, wọ́n ń wá ènìyàn tí yóò fọ́ òkúta, tí yóò gbé igi. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa fi ọkùnrin kan sílẹ̀ lóṣooṣù. Dòǹgárì ló ń wá kó wọn, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ nìyẹn, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù pupa tí wọ́n ń mú kóbókò dání. Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ń jẹ́ Gárúbà. Òyìnbó kò mọ igbá, kò mọ Ládánì. Iye orí ló ń bi Gárúbà. Gárúbà sì tètè mọ̀ pé ẹni tó ń kó orí lè yan orí.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, igbá ṣì ni. Ẹni tó lọ ní àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni kejì kò padà. Ìbẹ̀rù wọ àdúgbò. Ọjọ́ kan ni Gárúbà wá jókòó ti Mágàjí lábẹ́ àtíbàbà wa, ó ń bu wàrà jẹ. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mò ń dán ìlẹ̀kẹ̀.

Ó ní, "Mágàjí, igbá yín yìí, tó bá kan ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Á lọ ni. Ó ti lọ rí."

"Kànga nìyẹn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń sin àwọn ará ojú irin sí." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Àwọn Mágàjí mìíràn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, láwàní kì í pẹ́ lórí wọn."

Mágàjí tẹjú mọ́ wàrà tó wà níwájú wọn. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ìṣirò ló ń ṣe.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi ń tàn láti ẹnu dé etí. Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ lọ lọ kí Gárúbà. Ẹni tó bá ti kí i, kó má mú àfọ́kù wá sínú igbá mọ́, kó mú èyí tó dán. Ládánì kò ríran, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ ohun tó jọ̀lọ̀. Mágàjí ti bá a sọ ọ́, pé kó fi àwọn tó dán sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi mú bàbá yẹn. Ó ń gbé nínú ilé Mágàjí, oúnjẹ Mágàjí ló ń jẹ. Bóyá kò sí ohun mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gárúbà dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan. Ó mú okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan tí mo ṣe sókè, ó gbé e wo oòrùn.

"Àkànbí, ìwọ nìkan ni o ò tíì wá kí mi."

Mo ní, "Mo kí yín láàárọ̀ yìí, Dòǹgárì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu lo fi kí mi. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ wà nínú ìpọ́njú."

Ìyá yín àgbà ló ń wí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Bàbá yín ló wà nínú rẹ̀. Ràímì, má wojú ilẹ̀, gbọ́ mi. Okùn tó wà lọ́wọ́ Gárúbà yẹn, mo ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, fún ọrùn ìyá yín àgbà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo wo okùn náà. Mo ní, "Ẹ máa mú un lọ." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó tì í sápò, ó ní, "Okùn kan, ilé kan o."

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ilé kan. Nítorí kò sí bí Súlè yóò ṣe lọ kí Gárúbà. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ní, "Súlè, ìwọ náà wá nǹkan ṣe." Ó ní, "Kí ni n ó ṣe? Igbá ni. Tó bá kàn mí, ó kàn mí nìyẹn. Tí kò bá kàn mí, a ó pa ewúrẹ́ yẹn jẹ." Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tàbí ó gbọ́ ọ, kò gbà á gbọ́. Ó ní Ládánì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo rò ó pé ìka Ládánì nìkan ló ń ṣèdájọ́, ìka kò sì mọ ẹni tó kí Gárúbà àti ẹni tí kò kí i. Tí mo bá dán ẹyọ kan fún ilé Súlè, ta ni yóò mọ̀? Mo mú òkúta kan, mo gé e bí ilé wọn ṣe ń gé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti dé bá mi, mi ò lu ú já. Mo pa ihò tì, mo dojú kọ dídán. Mo dán an bí mi ò ṣe dán ìlẹ̀kẹ̀ ọba kankan rí.

Ọjọ́ pé. Súlè ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó na àfọ́kù ilé wọn sí mi: "Àkànbí, bá mi fi sí i, mò ń bọ̀." Kì í ṣe nǹkan tuntun, a máa ń bára wa fi í síbẹ̀. Mo wọlé. Mo fi tèmi sínú igbá, dídán. Mo fi èyí tí mo ṣe fún un sí i, dídán. Mo ti àfọ́kù rẹ̀ sínú àpò. A kírun Àlásárì. Mi ò rántí ohun tí ìmáàmù kà.

Lẹ́yìn ìrun, a tò láti yọjú wo inú igbá. Nígbà náà, kálukú kàn ń wò ó, ó ń kọjá ni. Ó kan Súlè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó tún wò ó.

Ó ní, "Tiwa kò sí níbí."

Mágàjí ní, "Wò ó dáadáa."

"Mo wò ó. Èyí jọ tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa." Ó mú un jáde, ó fi àtàǹpàkò pa á lára lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́sáláṣí yẹn, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ ẹni kejì rẹ̀ tó bá ti kan dídán. Súlè gbójú sókè, ó wò mí. Ó padà wo inú igbá, ó fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀, ó rí iye tó dán nínú wọn. Ó rí ti Mágàjí. Ó rí tèmi. Àfọ́kù mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀, ti àwọn ilé tí kò ní nǹkankan.

Ó ní, "Àkànbí, níbo lo fi tiwa sí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè sọ pé ó ti sọnù. Mo lè dìde kí n sọ òótọ́, kí n pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó wà ní ìta á gbọ́. Gárúbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kóbókò wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Mo rántí oyún ìyàwó mi. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo na àfọ́kù náà sí i. Mo ní, "Ó bọ́ sílẹ̀ ni."

Ó gbà á. Títí di ìgbà yẹn, ààyè ṣì wà fún un. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí tó bá dá èyí tó dán padà sínú igbá. Mágàjí alára ti ń mi orí sí i, pé ó tó, pé kó jókòó. Gbogbo wa là ń bẹ̀ ẹ́ nínú, wáláhì, kó ṣe bíi tiwa kí ara lè tù wá.

Súlè ju àfọ́kù náà sínú igbá. Ó ní, "Ilé wa kò dán ìlẹ̀kẹ̀ igbá rí." Ó jókòó. Èyí tó dán wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Wọ́n bo igbá, wọ́n gbé e síwájú Ládánì. Ọwọ́ bàbá náà pẹ́ nínú rẹ̀. À ń gbọ́ bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń kan ara wọn, jìn, jìn, ìró tó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Èyí tó mú jáde, kò tíì kúrò lábẹ́ ìdérí tán tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá Súlè dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ń pariwo pé, "Ọmọ kan ṣoṣo! Ẹ̀yin ènìyàn, ọmọ kan ṣoṣo!" Súlè gbá a mú. "Ìyá mi, ẹ bá mi bojú tó ewúrẹ́ yẹn, kó má tún gbé nǹkan mì." Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gárúbà mú un lọ ní ọ̀sán yẹn, oòrùn ṣì wà lókè.

Kò bá mi wí rárá kó tó lọ. Mo dúró lójú ọ̀nà kó lè bú mi. Ó kọjá lára mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, Àkànbí," bí ìgbà tó ń lọ sí Ìpàtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kò gbọ́ ìpè ìrun Súbúhì. Ládánì ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun yẹn kò san mọ́ títí tó fi kú. Ẹlòmíràn ló ń pe ìrun, igbá sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yọjú wo inú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, Mágàjí ní kò sí ohun tí a ń fi igbá ṣe, òun fúnra òun á máa kọ orúkọ. A ní ó dára. Kí ni a ó wí? Nígbà tó yá, ẹni tó bá ní ẹjọ́ á kọ́kọ́ lọ kí ẹnì kan. Ẹni tó fẹ́ ìsọ̀ lọ́jà á kọ́kọ́ lọ kí ẹnì kan. Òyìnbó lọ, àwa fúnra wa jókòó sórí àga wọn. Ẹ máa ń tan rédíò, ẹ máa ń bú àwọn tó wà nípò, ẹ ní ta ló kọ́ wọn ní olè. Èmi á dijú. Ẹ á rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Òjò ọdún tí wọ́n mú Súlè lọ ti fẹ́ẹ̀ lọ tán nígbà tí ọkùnrin kan wá láti Òkè-Òyì, ó ń béèrè Àkànbí onílántànà. Ó ti bá Súlè ṣiṣẹ́ lójú irin. Ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á, òun wà lára àwọn tó kírun sí i lára. Ó tú ìdì kan ní igun aṣọ rẹ̀, ó mú ẹyọ yìí jáde.

"Ó ní kí n fún ọ. Ó ní dídán rẹ̀ dára gan-an, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ fún ọ pé o ò lu ú já."

Mo ní, "Kí ló tún wí?"

Ó ronú. "Kò wí nǹkan mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Mo pọn omi fún ìyá Súlè fún ọdún mọ́kànlá. Mo tún orí ilé rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó máa ń gbàdúrà fún mi lójú gbogbo ènìyàn, pé ọmọ tí òun bí kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní "Àmín". Ó kú, mi ò sì sọ fún un.

Bàráká, na ọwọ́ rẹ. Fọwọ́ pa á lára. Ó jọ̀lọ̀, àbí? Yí i padà. Ihò náà wà níbẹ̀ yẹn, ó dé ìdajì, ó dúró. Okùn kankan kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ràímì, mo gbọ́ tí ò ń sọ fún àbúrò rẹ pé alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà ní Ìpàtà tí yóò fi ẹ̀rọ lu ú já ní ìṣẹ́jú kan, kí ìyàwó ọ̀gá lè rí i fi sọ́rùn. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ á lu ú já.

Mi ò ní bá yín lọ sí GRA. Mi ò sì ní fún yín lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ: wọn kì í sin Mùsùlùmí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wẹ̀ mí tán, ẹ ó tú igun aṣọ yìí, ẹ ó bá a níbẹ̀, yóò sì di tiyín. Iṣẹ́ náà lè ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá kan á ṣì wà tí ẹ fẹ́ lọ kí. Mi ò ní sí níbẹ̀ láti yọjú wo inú igbá.

Dá a padà fún mi, Bàráká. Wọ́n ti ń pe ìrun.